Ìjọba Kan Ilẹ̀kùn Ọmọ Mi ní Kòríà

Láti ọjọ́ tí mo ti padà dé Àgbádárìgì, ìbéèrè méjì péré ni àwọn ènìyàn ń bi mí. Èkínní: ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń jẹ ajá ní Kòríà? Èkejì: kí ni mo mú bọ̀? Ẹ jẹ́ kí n yára dáhùn méjèèjì ká lè ráyè sọ̀rọ̀. Mi ò rí ajá nínú abọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ajá tí mo rí wọ ẹ̀wù òtútù tó dára ju tèmi lọ. Ohun tí mo mú bọ̀ sì ti tán. Ẹni tí kò bá kàn, kó lọ bá àwọn ẹbí mi ní Aràdàgún jà, àwọn ló kọ́kọ́ dé. Ìròyìn nìkan ló kù lọ́wọ́ mi, òun ni mo sì fẹ́ pín báyìí.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, aláṣọ ni mí, Ìyá Rìsíkátù ni wọ́n ń pè mí. Mo ti ń ná ọjà Kútọnu láti ìgbà tí owó epo ń ṣàn ní ilẹ̀ yìí, tí àǹkárá kì í pẹ́ lórí igbá kó tó tán. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gba ibodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá, mo sì máa ń fi yangàn pé mo ti rin ilẹ̀ òkèèrè. Ọmọ mi kan ṣoṣo, Rìsíkátù, ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àdúgbò ni Kútọnu.

Rìsíkátù ń ṣe akọ̀wé ní òtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun wa níbí nígbà tí ọmọ Kòríà kan tó ń jẹ́ Jínsù, tó ń jó irin ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó, wá gba afẹ́fẹ́ ní ọjọ́ Àìkú kan. Ọjọ́ Àìkú kan di mẹ́wàá. Jínsù gba kàlímà, àáfà so yìgì, ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ sílé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà Rìsíkátù bí ọmọkùnrin, ó ní kí n wá wẹ̀ ẹ́. Oṣù mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀.

Èmi náà di yòvó

Ìlú apẹja ni wọ́n ń gbé, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ náà. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, òórùn tó kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ ni ti ẹja tí wọ́n sá sóòrùn. Mo ní, "Rìsíkátù, gbogbo ọ̀nà tó o rìn yìí, ẹja gbígbẹ náà lo tún wá bá?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rín ló fa omi náà.

Òtútù ibẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Ẹ̀wù mẹ́rin ni mo wọ̀ léra wọn, mo tún fi ìró gbá wọn mọ́ra, mo wá rí rògòdò. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ọmọ wa ṣe máa ń sáré tẹ̀lé òyìnbó tó bá wá wo etíkun, tí wọ́n á máa pariwo "Yòvó! Yòvó!" bí àwọn Ègùn ṣe ń pe aláwọ̀ funfun. Èmi gan-an ṣe é nígbà èwe mi. Ẹ̀san dé. Ní ọjà ìlú náà, ọmọdé kan rí mi, bísíkíìtì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó ń ta akàn di ọwọ́ mi mú, ó fi àtàǹpàkò ra á wò bóyá dúdú náà á parẹ́. Nígbà tí kò parẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín, ó fún mi ní akàn ńlá kan lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò bínú. Ẹni tó bá fún ènìyàn ní akàn ti tọrọ àforíjì.

Ẹ̀gbọ́n mi tuntun

Ìyá Jínsù ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ kí i. Bó ṣe rí i pé mo kúnlẹ̀, òun náà tẹríba. Mo rò ó pé kò yẹ kí ẹni tó gba ọmọ mi sílé máa tẹríba fún mi, mo tún tẹrí sílẹ̀ sí i. Òun náà tún lọ sílẹ̀ sí i. Jínsù ló fà wá dìde. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, à bá ti nà gbalaja sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ orí mi ni ohun tó kọ́kọ́ bi mí. Inú fẹ́ bí mi, àmọ́ Rìsíkátù ní wọn kì í mọ bí wọ́n ṣe máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí wọn ò bá tíì mọ ẹni tó jẹ́ àgbà. Mo ní, háà, ará ilé wa mà ni wọ́n! Ó fi ọdún méjì jù mí lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Oúnjẹ wọn kò bẹ̀rù ata rárá. Wọ́n máa ń fi ata àti iyọ̀ pa kábéèjì lára, wọn á kó o sínú ìkòkò títí yóò fi kan. Ẹ̀gbọ́n gbé e síwájú mi, ó wá ń wo ẹnu mi. Ó kan, ó ta, ó ń ró lẹ́nu. Mo ní kí wọ́n bù sí i. Inú rẹ̀ dùn débi pé odindi ìkòkò ló gbé wá. Ọbẹ̀ tí wọ́n ń sè fún ìyá ọlọ́mọ tuntun ló yà mí lẹ́nu: koríko òkun ni, irú èyí tí omi máa ń tì sórí iyanrìn wa níbí, tí à ń fi ẹsẹ̀ gbá kúrò lọ́nà. Ó dùn. Nígbà tí Jínsù ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ pé àwa kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ìyá náà ṣí fíríìjì, ó kó gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ inú rẹ̀ lọ fún aládùúgbò, kò béèrè ìdí.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi. Rìsíkátù, ọmọ tí wọ́n ń pè ní rédíò ní àdúgbò wa, kì í sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Lórí ìdúró ló ti ń jẹun, bíi pé ọkọ̀ fẹ́ fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ lọ ra ẹyin ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ ilé wọn. Ó dúró síwájú dígí, ó ń ka gbólóhùn rẹ̀ ní àkàtúnkà, bí ọmọ kéú tó fẹ́ ṣe wòlímọ̀. Ó lọ. Ó padà lọ́wọ́ òfìfo.

Mo ní, "Ẹyin dà?"

Ó ní, "Màmá, ó bi mí ní nǹkan míì tí mi ò múra ẹ̀ sílẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. A fi ẹja jẹun lọ́jọ́ náà, mi ò sì tún bi í ní nǹkan kan mọ́.

Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀

Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, Rìsíkátù fò dìde, ó sáré débi pé bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọ. Obìnrin tó wọlé ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó kúrú, ẹ̀rín rẹ̀ ń gba gbogbo ilé. Olùkọ́ Hán ni orúkọ rẹ̀, ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wá. Ó jókòó sílẹ̀, ó ṣí ìwé, òun àti ọmọ mi wá ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń gbára wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wákàtí méjì ni rédíò mi fi ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó lọ tán, mo béèrè ẹni tó rán an wá.

"Ìjọba ni, Màmá."

"Ìjọba? Rìsíkátù, kí lo ṣe?"

Ó wá ṣàlàyé. Àwọn ọkùnrin Kòríà ń fẹ́ ìyàwó láti Fẹ́tínámù, láti Fílípìnì, títí dé Àgbádárìgì wa yìí, ìjọba wọn sì rí i pé àwọn ìyàwó náà ń dé bí odi àti adití. Wọ́n wá dá ọ́fíìsì sílẹ̀ káàkiri àwọn ìlú fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ wọn ní èdè; ẹni tí ọmọ ọwọ́ kò bá jẹ́ kó lè jáde, wọn á rán olùkọ́ lọ bá a nílé. Wọ́n ń wá ògbufọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rí dókítà. Wọ́n tiẹ̀ ní kíláàsì fún àwọn ọkọ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé pẹ̀lú ìyàwó tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Jínsù ti jókòó níbẹ̀ rí, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Mo rántí ọkọ mi olóògbé, kí Ọlọ́run fọ̀rọ̀ jì í. Ta ni ì bá sọ fún un pé ìjọba ní kó wá kọ́ bí a ṣe ń ní ìyàwó?

Ìtìjú díẹ̀ mú mi pẹ̀lú. Àwọn ìyàwó tó ti Lóòmẹ́ àti Àjàṣẹ́ wá sí àdúgbò wa kò kéré. Ta ló kọ́ wọn ní Yorùbá? Ọjà ló kọ́ wọn, àwa sì ń sín wọn jẹ.

Obìnrin onífáìlì

Ó kù díẹ̀ kí oṣù kejì pé, Rìsíkátù àti Ẹ̀gbọ́n lọ sọ́jà, wọ́n fi èmi àti ọmọ sílé. Mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, mo ń gbálẹ̀. Ilẹ̀kùn dún. Mo ṣí i. Obìnrin kan ló dúró síbẹ̀: káàdì lọ́rùn, fáìlì lábẹ́ apá, bírò lọ́wọ́. Ẹ̀yin ará mi, kí ni ojú ọmọ Sẹ̀mẹ̀ rí? Kọ́sítọ́ọ̀mù ni!

Ó tẹríba, ó bọ́ bàtà, ó jókòó. Nígbà tó rí i pé a ò gbọ́ ara wa, ó pe nọ́ńbà kan lórí fóònù, ó ń dárúkọ èdè lóríṣiríṣi fún mi títí ó fi kan Faransé. Mo mi orí. Ohùn obìnrin kan bọ́ sójú fóònù, ògbufọ̀ ni, ó sì ń sọ Faransé tó mọ́ ju ti Kútọnu lọ. Èmi náà gbé Faransé ọjà mi kalẹ̀.

Ó ní ṣé ọmọ mi ti ń gbọ́ èdè wọn? Mo ní bí omi ló ń sọ ọ́.

Ṣé ó ní ọ̀rẹ́? Mo ní wọ́n pọ̀ débi pé à ń fi ìgbálẹ̀ lé wọn.

Ṣé ó máa ń jáde? Lójoojúmọ́.

Ṣé inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́, ṣé ó máa ń sunkún? Mo ní, "Ẹkún kẹ̀? Pà dì pùròbùlẹ̀mù, màdáàmù! Tú fà bìẹ̀ǹ!" Ohun tí à ń sọ fún wọn ní ibodè nìyẹn: kò sí wàhálà kankan, gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa.

Ó ní ṣé ó ṣì nílò olùkọ́? Mo ní kò nílò ohunkóhun lọ́wọ́ ìjọba, a dúpẹ́.

Kí ẹ má bà á pè mí ní òpùrọ́, ẹ gbọ́ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Ní ayé owó epo, gbogbo ènìyàn ló ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Aránṣọ kan láti Tógò, Akúwà, ń gbé nínú agbo ilé bàbá mi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì. Nígbà tí nǹkan wá le, ìjọba ní kí àwọn àjèjì máa lọ. Ọkùnrin méjì dé ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú fáìlì. Èmi nìkan ni mo wà níta. Wọ́n ní ṣé àjèjì wà nílé yìí? Mo ní kò sí, ọmọ ilé ni gbogbo wa. Akúwà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ bo àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n lọ. Akúwà ló rán aṣọ ìgbéyàwó mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé bí ìjọba bá bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀, nǹkan ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ; bí o bá fẹ́ràn ẹnì kan, má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wọ fáìlì.

Bí obìnrin náà ṣe ń dìde, mo bu edé gbígbẹ tí mo gbé láti ilé sínú ọ̀rá, mo tì í sínú báàgì rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà, ó tẹríba. Mo ní háà, ó ti kéré. Mo fi ìgò òróró àgbọn kan lé e. Ẹ ò rí bó ṣe ń sá lọ, tó ń tẹríba lọ, bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀! Nígbà tí àwọn tó lọ sọ́jà dé, mo sọ fún Rìsíkátù pé ìjọba wá, mo sì ti lé wọn lọ. Ó gbé ẹrù lórí, kò fetí sí i.

Lẹ́tà

Lẹ́tà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Rìsíkátù ń fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ títí ó fi kà á tán, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní Olùkọ́ Hán ò ní wá mọ́ bí oṣù yìí bá parí. Wọ́n ní ìdílé sọ pé ìyàwó ti mọlé, kò nílò ìrànwọ́ mọ́.

Ó gbójú sókè. "Màmá, kí lẹ sọ fún wọn?"

"Àṣírí ẹ ni mo bò."

"Àṣírí wo? Ta lẹ bò ó fún?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kì í ṣe ẹkún tó fi ẹ̀rín bò mọ́. Ó ní, "Ọdún méjì rèé, Màmá. Òun nìkan ló ń kan ilẹ̀kùn mi. Jínsù ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, á ti rẹ̀ ẹ́. Ìyá ẹ̀ ń fún mi lóúnjẹ, mi ò mọ nǹkan tí mo lè bá a sọ. Ẹ̀yin náà ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mo ní, "O máa ń sọ fún mi lórí fóònù pé dáadáa lo wà."

"Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ń sọ fún mi pé dáadáa lẹ wà, tí orúnkún yín ò jẹ́ kẹ́ ẹ dìde?"

Òótọ́ ló sọ. Ojú tì mí, ó sì dùn mí wọnú egungun. Mo ti rí i tó ń jẹun lórí ìdúró. Mo ti rí ọwọ́ òfìfo tó fi ti ibi ẹyin dé. Gbogbo rẹ̀ ni mo rí, mo sì fi ẹ̀rín sìn ín. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́: oníbàárà mélòó ni mo ti pa òwe yìí fún!

Ní ọ́fíìsì

Jínsù ní ohun tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó ṣòro láti pa á rẹ́. Mo ní èmi ni mo kọ ọ́, ẹ mú mi lọ. Ní ọjọ́ kejì, èmi, Rìsíkátù, ọmọ àti Ẹ̀gbọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì náà. Bí mo ṣe rí Ẹ̀gbọ́n tó wọ aṣọ tó dára jù lọ, ó ṣe mí bíi kí n sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Nínú gbogbo ènìyàn, iwájú ìyá ọkọ ọmọ mi ni mo ti fẹ́ sọ pé ọmọ mi kò láyọ̀ nílé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọmọ fọ́kọ rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Obìnrin onífáìlì gbé tíì kalẹ̀ fún wa. Ó pe ògbufọ̀ ọjọ́sí. Mo ní kó sọ fún un pé irọ́ ni mo pa. Ògbufọ̀ ní kí n tún un sọ. Ó jọ pé wọn kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Mo ní ọmọ mi ò lọ́rẹ̀ẹ́. Mo ní ó lọ ra ẹyin, kò rí i rà. Mo ní ó máa ń sunkún, èmi ìyá rẹ̀ rí i, mo fojú fò ó. Mo ní ọmọ tó máa ń sọ̀rọ̀ ni mo bí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a. Ìgbà tí Faransé mi tán, mo fi Yorùbá parí rẹ̀.

Ògbufọ̀ náà tú u sí èdè wọn. Ẹ̀gbọ́n tẹrí ba, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ fún obìnrin náà, ògbufọ̀ sì sọ ọ́ fún mi: ó ní òun náà ti rí i ní ọjọ́ tí ẹyin kò dé, òun rò pé bí òun bá béèrè, ojú á ti ìyàwó òun.

Obìnrin onífáìlì yíjú sí Rìsíkátù, ó bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Rìsíkátù wò mí. Láti kékeré ni mo ti ń kọ́ ọmọ yìí pé bí àjèjì bá béèrè àlàáfíà rẹ, "a dúpẹ́" ni kó o wí. Mo ní, "Sọ ọ́."

Ó sọ ọ́, ní èdè wọn, láìsí dígí níwájú rẹ̀. Ó ń kọsẹ̀, ó ń dúró, ó ń tún un sọ. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀, àmọ́ mo rí ojú àwọn tó ń gbọ́. Obìnrin náà kò kọ nǹkan kan títí ó fi sọ ọ́ tán. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí tábìlì.

Wọ́n ní Olùkọ́ Hán á máa wá títí di ìparí ọdún. Wọ́n ní kí Rìsíkátù máa gbé ọmọ wá síbẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí àwọn ìyàwó mìíràn máa ń péjọ síbẹ̀ dáná. Ẹ̀gbọ́n ní òun ni òun á máa mú un wá. Mo dúpẹ́ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi. Edé wà nínú báàgì mi, mi ò yọ ọ́.

A ti ń dìde nígbà tí obìnrin náà tún ṣí fáìlì. Ògbufọ̀ ní ó ku ìbéèrè kan, èmi ni wọ́n sì fẹ́ bi: ṣé ẹ̀yin náà ní ìṣòro kankan, Màmá?

Mo wo ọmọ mi, mo wo ọmọ ọmọ mi tó sùn léjìká rẹ̀. Mo ní, "Mo ní in. Ọjọ́rú ni mò ń lọ, mo ń fi ọmọ mi sílẹ̀."

Ògbufọ̀ tú u. Obìnrin náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yí ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì kọ ọ́ sí etí rẹ̀.